Ẹ Má Ya Àwòrán Kúrò Nínú Ìwé Ọmọ

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà! Mo fẹ́ bá yín jà díẹ̀ lónìí. Ẹ má bínú sí mi. Ẹni tí a bá fẹ́ràn ni a ń bá wí.

Ní ọjọ́ ọjà kan, mo lọ gẹ irun lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kan ní Kétu. Lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, mo rí ojú ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ìyá àgbà kan ni wọ́n yà síbẹ̀. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń ro ọkà nínú ìkòkò. Ọmọbìnrin kékeré kan ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ iná. Abọ́ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwòrán náà dára púpọ̀. Mo bi onígbàjámọ̀ náà pé níbo ni ó ti rí i. Ó ní bàbá kan ni ó fún òun, inú ìwé ọmọ rẹ̀ ni ó ti ya á.

Mo mọ bàbá náà. Ọ̀kan nínú wa ni. Inú kíláàsì àgbà wa ni ó ti kọ́ bí a ti ń kàwé. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, lẹ́tà ni mo ra fún ọmọ, n kò ra àwòrán. Lẹ́tà ṣì wà nínú ìwé náà, n kò mú ọ̀kan kúrò níbẹ̀."

Ẹ gbọ́ ohun tí ó gbàgbé. Ìwé ní iwájú, ó sì ní ẹ̀yìn. Nígbà tí ó ya ìyá àgbà náà kúrò, ó ya lẹ́tà tí ó wà lẹ́yìn ìyá àgbà pẹ̀lú. Ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ka ìtàn náà dé ojú ìwé 10. Ó ṣí i, ó bá ojú ìwé 13. Ó wá bi bàbá rẹ̀ pé kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìyá àgbà. Bàbá kò mọ̀. Òun tí ó ti mọ ìwé kà, kò tíì ka ìwé ọmọ rẹ̀ rí!

Bí ó bá jẹ́ pé bàbá yìí nìkan ni, n kì bá tí kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ibi gbogbo ni mo ti ń gbọ́ ọ. Wọ́n ní ìwé gidi kì í ní àwòrán. Wọ́n ní ọmọ tí ó ń wo àwòrán, eré ni ó ń ṣe. Mo rí olùkọ́ kan tí ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán mọ́lẹ̀ nígbà tí ọmọ ń kàwé, kí ọmọ má ba à "jí wò." Mo bi í ní ìdí rẹ̀. Ó ní bí ọmọ bá rí àwòrán ewúrẹ́, yóò kàn pe "ewúrẹ́" ni, kò ní ka ohun tí a kọ.

N kò ní parọ́ fún yín, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ olùkọ́ yẹn. Mo ti rí ọmọ tí ó wo àwòrán, tí ó pe "ewúrẹ́," nígbà tí ohun tí a kọ síbẹ̀ jẹ́ "òbúkọ." Ṣùgbọ́n ẹ dúró kí ẹ wo ohun tí ọmọ náà ṣe lẹ́yìn náà. Ó wo lẹ́tà, ó rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "e." Ó padà sí àwòrán, ó rí irùngbọ̀n. Ó ní: "Áà, òbúkọ ni!" Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Àwòrán àti lẹ́tà ni wọ́n jọ kọ́ ọ, bí bàbá àti ìyá ti ń jọ tọ́ ọmọ. Olùkọ́ tí ó bá bo àwòrán mọ́lẹ̀ ti lé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì jáde nílé.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ìgbà tí ẹ̀yin fúnra yín wọ kíláàsì. Ṣé ẹ rántí àwòrán ẹ̀fọn tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri? Ẹ̀fọn náà tóbi tó àkùkọ. Wọ́n ní òun ni ó ń mú ibà wá. Ìyá kan ní kíláàsì tiwa dìde, ó ní: "A dúpẹ́ o. Irú ẹ̀fọn báyìí kò sí ní abúlé wa." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn kò gọ̀. Kò sí ẹni tí ó ti sọ fún un rí pé àwòrán lè sọ ohun kékeré di ńlá, kí ojú lè rí ẹnu rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ya ewúrẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Ẹsẹ̀ méjì ni ó hàn. Bàbá àgbà kan bèèrè pé ta ni ó gé ẹsẹ̀ méjì yòókù.

Ohun tí èyí ń sọ fún wa ni pé àwòrán pẹ̀lú ní òfin tirẹ̀, bí lẹ́tà ti ní òfin. Èyí tí ó tóbi súnmọ́ wa, èyí tí ó kéré wà lọ́nà jíjìn. Ìlà kéékèèké lẹ́yìn ẹsẹ̀ ọmọ sọ pé ọmọ náà ń sáré. A ń kọ́ ọ ni, a kì í bí i mọ́ ènìyàn. Ẹni tí ó bá kọ́ ọ ní kékeré, kò ní jìyà rẹ̀ lágbà. Ìyà tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ìyà ẹnu lásán. Ẹ̀yin àgbẹ̀ òwú, ẹ mọ ìgò òògùn kòkòrò. Wọ́n ya agbárí òkú pẹ̀lú egungun méjì sí i lára. Àwọn ènìyàn ti wà tí wọ́n fọ irú ìgò bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fi bu omi mu, tí omi náà sì di ikú. Èdè Faransé ni ọ̀rọ̀ tí ó wà lára ìgò, ṣùgbọ́n agbárí kì í sọ Faransé. Àwòrán wà lára ìwé ìbò pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni ó wà lára páálí òògùn tí ń sọ fún wa pé kí a má fi í fún aboyún. Bí ọmọ kò bá kọ́ bí a ti ń ka àwòrán nínú ìwé ìtàn, níbi tí àṣìṣe kì í pa ènìyàn, níbo ni ẹ fẹ́ kí ó ti kọ́ ọ?

Àwa Nàgó ni ó yẹ kí ó kẹ́yìn nínú àwọn tí yóò máa fi ojú tín-ín-rín wo àwòrán. Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ̀yin ará Sabẹ, ẹ̀yin ará Pobè, kí ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́? Nígbà tí Ẹ̀fẹ̀ bá jáde lóru, tí ó ń fi orin bá olè wí, tí ó ń fi orin bá ọkọ tí kò bọ́ ilé rẹ̀ wí, etí ni a fi ń gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jó wọ ojú agbo, ojú ni a fi ń gbọ́. Lórí ère kan, ejò gbá ẹyẹ mú. Lórí òmíràn, obìnrin ru igbá lọ sí ọjà. Mo ti rí èyí tí wọ́n gbẹ́ alùpùpù sí lórí, mo sì ti rí èyí tí wọ́n gbẹ́ ọkọ̀ òfurufú sí. Ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B dúró nínú agbo, ó ka ère náà, ó sì mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ní 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun iyebíye fún gbogbo ayé, ní 2008 wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ wọn, fún Bẹ̀nẹ̀ (Bénin), Nàìjíríà àti Tógò papọ̀. Gbogbo ayé ń yẹ́ wa sí nítorí àwòrán tí a gbẹ́ sórí igi. Àwa wá ń ya èyí tí ó wà lórí ìwé.

Kódà àwọn Dàńhọ̀mẹ̀, tí wọ́n fọ́ Kétu ní 1886 (a kò tíì gbàgbé), mọ iyì àwòrán. Ẹ lọ sí ààfin Abomey, ẹ wo ara ògiri. Kìnnìún ni wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ Glèlè. Ẹja ńlá eléyín mímú tí ń jẹ ènìyàn nínú òkun ni wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ Béhanzin. Ìtàn àwọn ọba wọn ni wọ́n kọ síbẹ̀, lẹ́tà kan kò sì sí nínú rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Èyí jẹ́ ti ayé àtijọ́. Ìwé, ti òyìnbó ni." Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a lọ bi òyìnbó. Ní 1658, olùkọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Comenius, ọmọ ilẹ̀ Moravia, tí ó wà nínú orílẹ̀-èdè Czech lónìí, tẹ ìwé kan fún àwọn ọmọdé ní ìlú Nuremberg ní ilẹ̀ Jámánì. Orí bí 150 ni ó wà nínú rẹ̀, orí kọ̀ọ̀kan ní àwòrán tirẹ̀. Ohun tí ó wà nínú ayé ni ó yà: iná, omi, ẹyẹ, alágbẹ̀dẹ, alápatà. Ó fi nọ́ńbà sára ohun kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán, ó sì fi nọ́ńbà kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó ń pe orúkọ rẹ̀. Èdè méjì ni ó kọ síbẹ̀, Látìn àti Jámánì. Látìn ni èdè àwọn ọ̀mọ̀wé nígbà náà, bí Faransé ti jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Jámánì ni èdè tí ọmọ náà ń sọ nílé. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni wọ́n fi ìwé náà kọ́ ọmọ káàkiri ilẹ̀ wọn. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé àwòrán àti èdè ìyá kò yẹ inú ìwé gidi, ẹ bi í pé ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kì í ṣe òyìnbó.

Mo dé orí àwọn ìwé tí ó ń ti òkè òkun bọ̀. Ẹ mọ̀ wọ́n. Wọ́n ń tẹ́ wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ní Kútọnu, ìwé tí ọmọ ẹlòmíràn ti kà sá tì. Mo ra ọ̀kan fún ọmọ àbúrò mi ní Àjàṣẹ́. Ilé kan wà nínú àwòrán rẹ̀, ohun funfun bo òrùlé rẹ̀ bí òwú, èéfín ń jáde lókè. Ọmọ náà wò ó títí. Ó ní: "Bàbá, ilé yìí ń jóná. Kí ló dé tí wọn kò bu omi pa á?" Mo ṣàlàyé pé òtútù ni, pé wọ́n ń dáná sínú ilé kí ara wọn lè móoru, pé ihò kan wà tí èéfín ń gbà jáde. Ọmọ náà gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ojú ìwé kejì, òmíràn tí kò mọ̀ tún wà níbẹ̀, àti ìkẹta, àti ìkẹrin. Kí a tó parí ìwé olójú 24, èmi ni mo sọ̀rọ̀ jù. Ìwé kò sọ nǹkan fún un.

N kò sọ pé kí ọmọ wa má rí òtútù ilẹ̀ òkèèrè. Kí ó rí i. Ayé fẹ̀. Ohun tí mo kọ̀ ni pé kí ó jẹ́ òun nìkan ni yóò máa rí, títí yóò fi rò pé inú ìwé kì í ṣe ibi tí irú tiwa ń dé. Mamadou et Bineta tí A. Davesne kọ, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa fi kọ́ Faransé, àwòrán ọmọ dúdú ni ó wà nínú rẹ̀. Òyìnbó Faransé ni ó kọ ọ́, síbẹ̀ ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Èdè wa nìkan ni kò fi síbẹ̀. Ní ìhà kejì ẹnubodè, J. F. Ọdúnjọ fi Aláwìíyé ṣe é ní Yorùbá, ó sì fi àwòrán sí i. A ti rí i pé ó ṣeé ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin ará Gáná kan, Meshack Asare. Òun ni ó kọ ìtàn, òun náà ni ó ya àwòrán. Ní 1970, ó ṣe ìwé nípa ọmọ apẹja kékeré kan tí ó fẹ́ wọ òkun, Tawia Goes to Sea. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti 1997, Sosu's Call. Ọmọ tí kò lè rìn ni Sosu. Abúlé wọn wà láàárín òkun àti ọ̀sà. Àwọn kan kò fẹ́ rí i níta, nítorí náà ilé ni ó ń wà. Ní ọjọ́ kan, àwọn alágbára ti lọ sí ibi iṣẹ́, àwọn arúgbó àti ọmọdé àti aláìsàn ni ó kù nílé. Ìjì dé, òkun ru bo abúlé. Sosu wọ́ nílẹ̀, ó wọ́ títí ó fi dé ibi tí ìlù wà, ó sì lu ìlù náà. Àwọn ará abúlé gbọ́, wọ́n sáré padà wá gba àwọn ènìyàn wọn là. Ní 1999, UNESCO fún ìwé náà ní ẹ̀bùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba etí òkun láti Kútọnu dé Grand-Popo, ẹ mọ irú ilẹ̀ tóóró yẹn, òkun lápá kan, ọ̀sà lápá kejì. Ẹ mọ̀ pé òkun ń jẹ ilẹ̀ wa. Ọmọ etí òkun tí ó bá rí àwòrán ìwé yẹn kò ní bi yín pé kí ni èyí. Yóò sọ pé, "Ọ̀dọ̀ wa nìyí." Ọmọ tí kò lè rìn, tí ẹ tì mọ́ inú yàrá nígbà tí àlejò bá dé (ẹ má rò pé n kò mọ̀), yóò rí ẹnì kan bí i tirẹ̀ tí àwòrán ya sí àárín ojú ìwé. Ẹ sọ fún mi pé eré ni ìyẹn.

Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín pẹ̀lú, Béatrice Lalinon Gbado dá ilé ìtẹ̀wé Ruisseaux d'Afrique sílẹ̀ ní Kútọnu ní 1992, wọ́n sì ti tẹ ọ̀pọ̀ ìwé alâwòrán fún ọmọdé, pẹ̀lú iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilẹ̀ wa. Faransé ni èdè tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ti Nàgó dà?

Ìwé Nàgó tí ó wà, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú ìwé pẹlẹbẹ yìí, ẹ gbọ́ mi, nítorí ìjà yìí kàn yín. Ẹ máa ń mú àwòrán àtijọ́, ẹ ó fi ẹ̀rọ dà á kọ, ẹ ó tún da èyí tí ẹ dà kọ kọ, títí obìnrin inú rẹ̀ kò fi ní ojú mọ́. Mo rí iṣu nínú ìwé kan, igi ìdáná ni mo pè é. Mo rí èyí tí ó dùn mí jù: wọ́n ya Gẹ̀lẹ̀dẹ́, wọ́n sì fi ère náà bo ẹni tí ń jó lójú. Ta ni kò mọ̀ pé orí ni a ń gbé ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lé, pé aṣọ ni ó ń bo ojú? Ọmọ Kétu tí ó rí i rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni kò gba lẹ́tà inú ìwé yẹn gbọ́ mọ́. Bí ìwé bá parọ́ nípa ohun tí mo fi ojú mi rí, èéṣe tí n ó fi gbà á gbọ́ nípa ohun tí n kò rí?

Ẹ ó ní owó ni. Òótọ́ ni, àwòrán aláwọ̀ wọ́n. Tàdáwà mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò: ti búlúù, ti pupa, ti ìyeyè àti dúdú. Àwo ìtẹ̀wé kan ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pépà ńlá kan tí a tẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, tí a ká, ń di ojú ìwé 16. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìwé ọmọ fi jẹ́ olójú 16 tàbí 32. Owó tí a ná kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò yí padà, ìbáà jẹ́ ìwé 500 ni a fẹ́ tẹ̀, ìbáà jẹ́ 5,000. Bí a bá tẹ̀ díẹ̀, ẹni díẹ̀ náà ni yóò ru gbogbo ẹrù. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí: àwòrán kò ní èdè. Bí àwọn Nàgó, àwọn Gùn àti àwọn Fọ̀n bá jọ tẹ ìwé kan náà papọ̀, tàdáwà mẹ́ta yóò wà bí wọ́n ti wà. Àwo dúdú tí ó gbé lẹ́tà nìkan ni a ó yí padà. Ìnáwó àwòrán yóò pín sí mẹ́ta. Èyí kì í ṣe àlá. Báyìí ni àwọn ilé ìtẹ̀wé ń ṣe kárí ayé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tẹ ìwé alâwòrán ní èdè púpọ̀.

Ẹ sì san owó ayàwòrán. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára èèpo ìwé, ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti ẹni tí ó kọ ìtàn. A mọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ère fún wa ní abúlé. Kí ló dé tí ẹni tí ó ya ìwé ọmọ wa kò fi ní orúkọ?

Ẹ̀yin òbí ńkọ́? Kí ẹ tó ra ìwé, ẹ ṣí i, kí ẹ má kà á ná. Ẹ wo àwòrán rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹ bá lè sọ ìtàn náà díẹ̀ láì ka lẹ́tà, ẹ rà á. Bí ẹ bá sì dé ilé, ẹ gbé e fún ìyá yín tí kò mọ̀wé, ẹ ní kí ó wo àwòrán, kí ó sọ ohun tí ó rí fún ọmọ. Ẹ ó gbọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé náà.

Mo padà lọ bá onígbàjámọ̀ náà ní ọjọ́ ọjà kejì. Kò fẹ́ fún mi. Ó ní ìyá àgbà yẹn ń pe oníbàárà wọlé fún òun. Mo fún un ní kàlẹ́ńdà kan, ó gbà. Mo fi omi rẹ ojú ìwé náà kúrò lára ògiri, mo sì gbé e lọ sí ilé bàbá yẹn. Lẹ́ẹ̀ ti ba ìlà méjì jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ní ojú ìwé 12. Bàbá jókòó, ó ń ka á sókè fún ọmọ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí gbogbo wa ti ń kà. Ó dé ibi tí ìlà méjèèjì ti parẹ́, ó dúró. Ọmọ náà gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i padà sí àwòrán.

Ó ní: "Bàbá, ẹnì kan ń bọ̀ wá jẹun ni. Ẹ wò ó. Ènìyàn méjì ni ó wà nínú ilé, abọ́ mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀."

Bàbá wo àwòrán, ó wò mí. Èmi náà ti wo àwòrán yẹn ní ẹ̀ẹ̀mejì, n kò ka abọ́.